Erè àti Èrè: Ọ̀rọ̀ Lórí Sísin Ejò àti Pípa Ẹyin Rẹ̀ Nínú Ilé

  Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà sí mi pé ejò ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyàwó mi gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ lọ́dún tó kọjá, ìwé ìhágún la sọ lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, kí ló wá dé tó fi kan ejò? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ká ẹsẹ̀ sórí àga, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò gbé ọ̀kankan dání.

Ọ̀pọ̀ yín mọ ohun tó fà á. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí ẹgbẹ́ yìí, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó wà láàárín wa, ra ejò kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́. Ẹyin ti wà nínú ejò náà nígbà tó rà á. Kò pẹ́ tó fi yé ẹyin mẹ́fà sínú àpótí aṣọ nínú yàrá rẹ̀ ní Rumuokoro. Bí onílé ṣe gbọ́, ó ní ọjọ́ méje péré lòun fún un láti kó jáde, òun sì ti ra kẹrosíìnì tí òun máa dà sí yàrá náà. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún pé ayé ti fi nǹkan ṣe ọmọ òun. Àwọn kan ní ká lọ pe wòlíì, àwọn kan ní ọdẹ ni ká pè. Wọ́n wá pe àwa àgbà mẹ́rin láti lọ bẹ onílé. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí ẹni tó béèrè pé irú ejò wo ni. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí igbó àti ẹran inú rẹ̀. Mo sì ní ọmọ ọmọ kan ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń sin irú ejò yìí gan-an. Ohun tí mo kọ́ níbi iṣẹ́ àti ohun tí mo fi ojú ara mi rí lọ́dọ̀ ọmọ yẹn ni mo pa pọ̀ fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú orúkọ. Nílé wa, ẹlòmíràn a ní erè, ẹlòmíràn a ní òjòlá, oníkálukú pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú rẹ̀. Ejò méjì ló wà níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, èyí tó tóbi, tó lè gùn ju mítà márùn-ún lọ, tó lè gbé ewúrẹ́ mì, òun ni n óò máa pè ní òjòlá. Èyí tó kéré, tí kì í sábà gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, òun ni n óò máa pè ní erè. Erè yìí ni ọmọ wa rà. Kò ní oró rárá. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í lé ènìyàn; ńṣe ló máa ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, tó máa fi orí pamọ́ sáàárín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pè é ní ball python. Royal python ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Láti Senegal títí dé Uganda ni wọ́n ti ń rí i, ó sì wà nínú igbó agbègbè wa níbí. Luca Luiselli àti Francesco Angelici, àwọn onímọ̀ ará Ítálì, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ nínú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998. Wọ́n rí i pé ẹyẹ ni àwọn tó kéré ń jẹ jù, àwọn tó dàgbà sì ń jẹ eku àti irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn eku ní Mile 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Àwa tá a jẹ́ àlejò nílùú yìí, ó yẹ ká mọ̀ pé irú ejò yìí ní ìtàn lọ́dọ̀ àwọn tó gbà wá lálejò. Ní Nembe àti Brass, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Rivers kí wọ́n tó dá Bayelsa sílẹ̀ ní 1996, ohun ọ̀wọ̀ ni erè láyé àtijọ́. Ó ń wọ ilé, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Hutchinson, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn ìjòyè Brass ṣe àdéhùn òwò ní 1856, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò gbọdọ̀ pa ejò yìí tó bá bá a nínú ilé, kó ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè kí wọ́n wá gbé e lọ. Ẹ wò ó bí mo ṣe rí i: òyìnbó tó wá ra epo pupa, tó ní ìbọn àti ọkọ̀ ojú omi, tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní pa ejò. Ní Bonny ẹ̀wẹ̀, awọ́nríwọ́n ni tiwọn. Ọjọ́ Àjíǹde 1867 ni wọ́n kéde níbẹ̀ pé ọ̀wọ̀ yẹn ti parí, ọmọ Òṣogùn tiwa, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ló sì jẹ́ olórí iṣẹ́ ìjọ tó fa ìyípadà náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ Yorùbá ṣe pẹ́ tó nínú ọ̀rọ̀ ẹkùn yìí, kó lọ wo ibẹ̀ yẹn.

Tí ẹ bá sọdá sí Orílẹ̀-èdè Benin, tẹ́ḿpìlì erè ṣì wà ní Ouidah di òní, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì gẹ́lẹ́. Àwọn àlejò ń sanwó wọlé, wọ́n á gbé erè kọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́dọ̀ tiwa náà, àwọn àgbà máa ń sọ pé erè ńlá kan tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ń yọ òṣùmàrè, pé ẹni tó bá sì rí imí òṣùmàrè ti di olówó nìyẹn. Mi ò tíì mọ ẹnikẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n ó jọ pé imí òṣùmàrè yẹn náà làwọn ọ̀dọ́ wa tún ń wá báyìí, torí nígbà tí mo bi ọmọ wa léèrè pé kí ló fẹ́ fi ejò ṣe, ó ní, "Bàbá, owó ni. Wọ́n ń ta ẹyọ kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ní Amẹ́ríkà."

N óò padà sórí owó yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹyin, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Erè kì í yé ẹyin púpọ̀. Láti mẹ́ta sí mọ́kànlá ni, mẹ́fà ló wọ́pọ̀, nígbà tí òjòlá ńlá lè yé ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ghana, Togo àti Benin, oṣù Èrèlé sí oṣù Igbe ni wọ́n sábà máa ń yé, kí àwọn ọmọ lè jáde nígbà tí òjò ti mú kí eku àti ẹyẹ pọ̀. Èèpo ẹyin yìí kò le bíi ti adìẹ. Ó rọ̀, ó dà bí awọ. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn tí ìyá bá yé wọn tán tí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ ara wọn di odidi kan. Ìyá á wá fi ara ká wọn, á gbé orí lé òkè, á jókòó síbẹ̀ fún bí oṣù méjì láìjẹun. Àwọn erè ilẹ̀ Íńdíà kan máa ń gbọ̀n ara wọn láti mú ooru wá fún ẹyin. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò tí ooru rẹ̀ bá a mu ló máa ń wá, ihò eku tàbí ihò inú òkìtì ọ̀gán, ara tó fi ká ẹyin ni kì í jẹ́ kí omi inú wọn gbẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹyin yìí fúnra rẹ̀, ohun tí ìyá ń ṣe nínú ihò ló gbọ́dọ̀ ṣe nínú ilé. Ọmọ ọmọ mi ní Leeds fi fìríìjì tó ti bàjẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń sàba. Ó tẹ́ okùn kan tí iná ń mú gbóná sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú, ó so tẹmósítáàtì mọ́ ọn tó ń pa iná náà tó sì ń tàn án fúnra rẹ̀, ó sì gbé tẹmómítà méjì síbẹ̀, torí ó ní ọ̀kan lè purọ́. Inú ike onídèérí ni ẹyin wà, lórí ohun kan bí iyanrìn fúlẹ́fúlẹ́ tó ń fa omi mu, vermiculite lorúkọ rẹ̀. Á da omi sí i débi pé tó bá fún un lọ́wọ́, á lẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n kò ní kán. Ooru ibẹ̀ jẹ́ 31 sí 32°C, lọ́sàn-án àti lóru. Tó bá pẹ́ jù nísàlẹ̀ 27, ọmọ á kú tàbí kó jáde láìlágbára. Tó bá kọjá 34, àwọn tó jáde lè ní ẹ̀yìn wíwọ́. Ní ooru tó tọ́, ọjọ́ 55 sí 60 ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, bí ẹni ń kọ fáìlì. Ìyàwó mi kò wọ yàrá yẹn títí a fi padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé a kì í yí ẹyin ejò. Adìẹ ń yí ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin adìẹ náà ń yí i. Ti ejò, ọmọ inú rẹ̀ máa ń so mọ́ apá òkè èèpo láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí o bá yí i, o ti ri ọmọ náà sínú omi ara rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà pẹ́ńsù ni ọmọ Leeds fi ń sàmì sí orí ẹyin kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣí i nípò. Bákan náà, kì í ya àwọn tó ti lẹ̀ pọ̀. Á tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn: èyí tó bá ní iṣan pupa tín-ín-rín bí gbòǹgbò ewébẹ̀, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Èyí tó bá pọ́n bí ẹyin àgbẹ̀bọ̀ tí kò gba akọ, tó ń hu olú, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ọmọ wa ní Rumuokoro kò ní ẹni tó sọ èyí fún un. Ó gba ẹyin kúrò lábẹ́ ìyá, ó ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kó wọn sínú páálí pẹ̀lú gílóòbù iná, ó sì ń yí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe sọ fún un pé adìẹ ń ṣe. Iná ọba lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ ilé náà kì í ṣiṣẹ́ kọjá aago mẹ́wàá alẹ́. Nínú mẹ́fà, márùn-ún bàjẹ́. Ẹyọ kan pa ní oṣù Èbìbì, mo sì wà níbẹ̀. Ọmọ ejò ní eyín kékeré kan ní ṣóńṣó ẹnu tó fi ń la èèpo. Eyín náà á bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn. Ó yọ orí, ó wò wá, ó tún padà sínú. Ó lé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún kó tó jáde pátápátá, torí ó ṣì ń fa pupa ẹyin sínú ara. Ẹ má fà á jáde o. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń bọ́ awọ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń jẹ ọmọ eku.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá a lè ṣe é níbí láìsí iná: ọ̀sán Port Harcourt gbóná tó, afẹ́fẹ́ wa sì ní omi nínú ju ti Leeds lọ fíìfíì. Òru ni ìṣòro. Kúlà tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja yìnyín lè di ooru mú, ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé lè ràn án lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, bí ìyá ejò bá ti ká ẹyin rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó dá NEPA sílẹ̀.

Ó kù sí owó. Òótọ́ ni pé wọ́n ti tà á lówó ńlá rí. Ní 1992, Bob Clark ní Amẹ́ríkà fi hàn pé erè àfín lè bí àfín. Ní 1997, Peter Kahl ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ní funfun lára bí màlúù Fúlàní. Nígbà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni ẹyọ kan. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún wa láti mọ̀, torí gbogbo ẹni tó ti lọ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ AS àti AA. Erè méjì tí àwọ̀ wọn dà bíi ti gbogbo erè, tí àwọn méjèèjì sì gbé àfín pamọ́ sínú, dà bí AS àti AS: nínú ẹyin mẹ́rin, a lè retí pé ọ̀kan á jẹ́ àfín. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó sì kọ àkọsílẹ̀ ìran ejò rẹ̀, á mọ ohun tó ń retí. Àwọn òyìnbó ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣiríṣi àwọ̀ ti pọ̀ níbẹ̀ débi pé àfín tó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ti wálẹ̀ gan-an. Òmíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní Spider, àwọ̀ rẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n àìsàn bá àwọ̀ náà wá: orí rẹ̀ máa ń gbọ̀n, nígbà míì eku á wà níwájú rẹ̀ tí kò ní lè mú un. Wọ́n ṣì ń bí i, wọ́n ṣì ń tà á. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Erè lásán láti Port Harcourt, ta ló fẹ́ rà á lówó ńlá? Togo, Benin àti Ghana ti kó o lọ ju mílíọ̀nù kan lọ láti àwọn ọdún 1970. Ní Togo, àgbẹ̀ á wá abo tó ní ẹyin nínú láti inú ihò, á tà á fún àwọn oníṣòwò, wọ́n á kó o sí ọgbà títí á fi yé ẹyin, wọ́n á pa ẹyin, wọ́n á kó ọmọ sínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá ìyá àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ padà sí igbó. Ètò náà dára lórí ìwé. Àwọn ọdẹ níbẹ̀ fúnra wọn ti sọ fún àwọn olùwádìí pé erè ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nígbà tó sì di 2021, àjọ IUCN kéde pé ó ti sún mọ́ bèbè ewu. Owó kékeré ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ tó ki ọwọ́ bọ ihò.

Òfin náà wà. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn CITES ní 1974, a sì ní òfin tiwa láti 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2016. Gbogbo irú erè àti òjòlá ló wà nínú àdéhùn yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọjá ibodè, láàyè tàbí ní awọ, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ yín bá òun gbé ọ̀rá kékeré kan dé Cotonou, tí kò sì fẹ́ kó tú u wò, ejò lọ́wọ́ nínú, ní tòótọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ sin ín nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, bíi ọmọ ọmọ mi, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i. Ó máa ń pẹ́ láyé: ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù Agẹmọ 2020, erè kan nínú ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní kò dín ní ẹni ọdún 62, yé ẹyin méje, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún 15 tí kò ti fojú kan akọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Èkejì, kòkòrò Salmonella tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru máa ń wà lára ejò láìṣe ejò ní nǹkan kan, nítorí náà ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí onílé mọ̀ kí ejò tó wọlé.

Mo gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń kùn ún lẹ́yìn pé èmi ò tíì pa òwe náà. Ó dáa: àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Àwọn ọmọ wa náà ń dá rìn ni. Wọ́n ń dá kọ́ nǹkan lórí fóònù, wọ́n ń dá ra, wọ́n ń dá ṣòfò, ìgbà tí onílé bá gbé kẹrosíìnì la tó ń gbọ́.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Kí ẹ yan ẹni méjì, ọ̀kan nínú àgbà, ọ̀kan nínú ọ̀dọ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè pè bí ejò bá wọ ilé rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sí i ni ọmọ wa yìí. Ìyá ejò rẹ̀, ẹnì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ rí bá wa gbé e lọ sínú igbó tó jìnnà sí ilé. Ọmọ ejò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé tuntun tó kó lọ, onílé ibẹ̀ sì ti rí i. Kí ẹni tí wọ́n bá pè tó dé, ẹ má sún mọ́ ejò náà, ẹ má gbé igi, ẹ kó ọmọdé kúrò, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sì fi fóònù yà á láti òkèèrè bí ẹ bá lè ṣe é, ká lè mọ̀ bóyá erè ni tàbí paramọ́lẹ̀. Bí ó bá ti bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni nínú wa, ẹ má so ibẹ̀ pa, ẹ má fi abẹ sín in. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

 Mo rí ọwọ́ tó ti wà lókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ ti àfín. Ìyá wa, ìbéèrè yín ni n óò kọ́kọ́ gbà.